Ohùn Tí Fóònù Orí Igi Kaṣú Gbà

Láti ìgbà tí ọkọ Tíṣà Ọmọ́tárá ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Abísọ́lá, sì ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga n'Íbàdàn, ilé rẹ̀ dákẹ́ jù. Ilé náà wà ní ìparí ìlú Igbó-Ọrà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìdèrè, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ní fóònù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti là ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì mú. Ó ra máíkì kékeré kan tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó sì ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lọ́wọ́ Hàkímù, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà. Hàkímù yìí kan náà ló bá a fi áàpù tí wọ́n fi ń gé ohùn, tí wọ́n sì fi ń tò ó, sínú rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà. Bí nǹkan bá rú Ọmọ́tárá lójú, Hàkímù á fi fóìsì nóòtù ṣàlàyé fún un lórí Wásáàpù: ẹ tẹ ibí, ẹ fà á síbí, ẹ má jẹ́ kó ga jù.

Ìtàn ni ó ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Á ka ìtàn tó fúnra rẹ̀ kọ sínú máíkì, á wá fi ohùn gidi sí i, òjò lórí páànù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ rẹ̀. Bó bá ti parí, á fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa bi í ní ọjọ́ kejì pé, “Tíṣà, ṣé ewúrẹ́ yín ni?” Ìbéèrè yẹn nìkan tó o lérè.

Nínú oṣù Èrèlé, ó ń ṣe ìtàn àparò kan tí ohùn rẹ̀ há, ó sì nílò ohùn ẹyẹ òwúrọ̀. Ní aago márùn-ún ìdájí, ó máa ń gbé fóònù àtijọ́ yẹn sí ẹ̀ka igi kaṣú tó wà lẹ́yìn ọgbà rẹ̀. Á fi ọ̀rá wé e nítorí ìrì, á fi ègé tìmùtìmù bo máíkì nítorí afẹ́fẹ́, á fi okùn so ó, á sì padà wọlé. Kó tó lọ sí ilé ìwé, á lọ tú u.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó jẹun tán, ó fi íápíìsì sí etí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí igi kaṣú mú wá. Àdàbà ló kọ́kọ́ ké. Ẹ̀gà tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo bí ọmọ kíláàsì kìíní tí tíṣà wọn jáde. Àparò kan dún láti ọ̀nà jíjìn, inú Ọmọ́tárá dùn, ó fi àmì síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà kan ń bọ̀. Ó sún mọ́ tòsí, ó kú. Àwọn ẹyẹ panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ ènìyàn ń tẹ ewé gbígbẹ.

Àgbẹ̀ ni wọ́n, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà oko wà lẹ́yìn ọgbà náà, ó sì ti ń múra láti gé ibẹ̀ sọ nù nígbà tí ọkùnrin kan sọ̀rọ̀.

“Ṣé ó dá ẹ lójú pé òun nìkan ló máa ń lọ?”

“Ọjọ́bọ̀ nìkan,” ẹnì kejì dáhùn. “Ọjọ́bọ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ máa ń dúró sídìí gàrí. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, ó ti gun máṣíìnì ẹ̀ nìyẹn. Tó bá dé ibi afárá kékeré yẹn, ó máa ń rọra lọ nítorí kòtò.”

“Tó bá jà ńkọ́?”

“Àgbàlagbà ni. Kò lè jà. Ẹ má ṣáà lù ú. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà l'Ékòó, wọ́n máa wá nǹkan ṣe.”

Ara Ọmọ́tárá bù máṣọ. Ó yọ íápíìsì, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ọkùnrin náà wà nínú yàrá. Kò sí ẹnì kankan. Ó fi íápíìsì padà sí etí, ó dá ọ̀rọ̀ náà padà sẹ́yìn, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Alájì Sàláúdéènì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ràhmọ̀t, ni aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ ńlá lọ́nà Ìdèrè, ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ó sì ń gun máṣíìnì pupa kan tó ti gbó. Ọjọ́bọ̀ sì ku ọjọ́ méjì.

Afẹ́fẹ́ ti bo ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Ó lo ibi tí áàpù náà ti ń yọ ariwo kúrò, bí Hàkímù ṣe kọ́ ọ, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀. Bí ariwo ṣe ń kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹnì kejì ń ṣe kedere sí i. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín kékeré nínú imú kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ń fa ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ọmọ́tárá mọ ẹ̀rín yẹn. Ó ṣí Wásáàpù, ó mú ọ̀kan nínú fóìsì nóòtù oṣù tó kọjá, ó gbọ́ ọ, ó wá padà gbọ́ tinú igi.

Ohùn Hàkímù ni.

Ẹnu ọ̀nà dún. “Tíṣà! Ẹ kú ilé o.”

Ọmọ́tárá pa láàpútọ́ọ̀pù dé pẹ̀lú ipá débi pé ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há sínú rẹ̀. Hàkímù dúró níwájú ilé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́, òógùn wà níwájú orí rẹ̀. Ó tẹ̀ríba kí i bó ṣe máa ń ṣe.

“Ṣé ẹ gbọ́ fóìsì tí mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀? Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù yín ti dé.”

“Mi ò tíì wò ó,” ni ó sọ. Ohùn rẹ̀ dún létí ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi sí i.” Hàkímù ti wọ pálọ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí fóònù àtijọ́ tó wà lórí tábìlì, tí ewé kaṣú kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nínú imú. “Àwọn ẹyẹ yín ńkọ́? Ṣé ẹ rí àparò yẹn gbà?”

“Kò gba nǹkan kan lónìí. Bátìrì ẹ̀ ló kú.”

“Ó kú? Bátìrì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀?” Ó na ọwọ́ sí fóònù náà. “Ẹ jẹ́ kí n wò ó.”

“Fi í sílẹ̀!” Ó pariwo ju bó ṣe fẹ́ lọ. Hàkímù dá ọwọ́ dúró, ó ń wò ó. Ọmọ́tárá fi ọwọ́ mú ikùn. “Inú ló ń run mí, Hàkímù. Mo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀. Gbé bátìrì yẹn síbẹ̀, a ó rí i lọ́la.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Ó gbé ọ̀rá kalẹ̀. Ó wo fóònù náà lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kó jẹ́ pé lójú Ọmọ́tárá ló rí bẹ́ẹ̀. “Ẹ tilẹ̀kùn yín dáadáa o. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí.”

Nígbà tó lọ tán, Ọmọ́tárá ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ tilẹ̀kùn yín dáadáa. Ṣé ìtọ́jú ni àbí ìhàlẹ̀? Ó rò ó títí. Ibẹ̀ ló ti rántí ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ rántí, pàápàá fún ẹni tó ti kọ́ ọmọ ìlú yìí fún ọdún mọ́kànlélógún. Ìbejì ni Hàkímù. Òun ni Táyé. Tàófíìk ni Kẹ́yìn, ó sì ti ìrìn àjò dé láti bí oṣù mẹ́ta, kò níṣẹ́ kan pàtó. Ojú wọn jọra, ohùn wọn jọra, ìyá tó bí wọn pàápàá máa ń béèrè lórí fóònù pé, “Ìwọ wo nìyí?” Nígbà náà, ohùn ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni. Èwo?

Bó bá sọ ọ́, tó sì ṣì í ńkọ́? Ó ti rí i rí, ní ìlú kan tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, bí àwọn èèyàn ṣe sáré lé ọkùnrin kan pẹ̀lú igi àti táyà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó mọ̀ pé kò jalè. Ọmọ́tárá ṣì ń gbóòórùn rọ́bà yẹn nígbà mìíràn bí wọ́n bá ń sun pàǹtí. Bó bá sì dákẹ́ ńkọ́? Bàbá Ràhmọ̀t ló gbé òkú ọkọ rẹ̀ láti ilé ìwòsàn wá sílé nígbà tí kò sí mọ́tò. Kò lè dákẹ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ pátápátá, ó fi ìborùn wé láàpútọ́ọ̀pù bí ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n sígbàáyà, ó sì gba inú ọgbà lọ sí ilé Bàbá Ràhmọ̀t. Bàbá ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, omi ń kán ní igbọ̀nwọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi afárá, ó jókòó.

“Ohùn ta nìyí, Màmá Abísọ́lá?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Bàbá.”

Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá kò tún bi í. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ohùn inú láàpútọ́ọ̀pù sì kéré. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràhmọ̀t, ló dorí kodò tó ń pe Ọlọ́run láìdákẹ́. Bàbá pe Gbénró, olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Gbénró dé láìtan iná ọ̀kadà rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni,” ni ó sọ. “Àwọn ọlọ́pàá nìkan ni màá sọ fún. Bàbá, ẹ máa ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe. Tíṣà, ẹ lọ sí ilé ìwé lọ́la bí ẹ ṣe ń lọ. Tí wọ́n bá fura, wọ́n á yí ọjọ́ padà, a ò sì ní mọ ọjọ́ tí wọ́n yí i sí.”

Ó rọrùn láti sọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, kí Ọmọ́tárá tó jáde, ó yọjú wo igi kaṣú. Okùn tí ó máa ń fi sílẹ̀ lórí ẹ̀ka fún ọjọ́ kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá a nínú koríko, kò rí i. Ewúrẹ́ lè fà á. Afẹ́fẹ́ lè jù ú. Ènìyàn sì lè tú u, kí ó dúró lábẹ́ igi náà, kí ó gbé ojú sókè, kí ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń so mọ́ ibí.

Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ọjọ́ náà, kò sì mọ iye ìgbà tó kọ ìdáhùn òdì sójú pátákó. Ọmọ kan gbé ọwọ́ sókè: “Tíṣà, mẹ́jọ àti mẹ́fà kì í ṣe mẹ́tàlá.” Gbogbo ọ̀kadà tó bá rọra kọjá lójú ọ̀nà ń mú un yí ojú sí fèrèsé. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó gba ọ̀nà tó jìn kí ó má baà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Hàkímù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ràhmọ̀t wá mú un, ó ní kò gbọdọ̀ dá sùn. Orí ẹní nínú yàrá obìnrin náà ni Ọmọ́tárá wà nígbà tó rántí fóìsì nóòtù òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun tí kò tíì gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. “Tíṣà, ẹ káàárọ̀. Bátìrì yín ti dé o, màá gbé e wá nírọ̀lẹ́.” Ọmọ jòjòló ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó Hàkímù sì ń sọ pé kí ó wá gbé ọmọ kí omi tó hó. Wásáàpù kọ aago sí abẹ́ rẹ̀: mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.

Ọmọ́tárá dìde jókòó. Ó ṣí láàpútọ́ọ̀pù. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni fóònù orí igi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn. Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò fọkàn tán ìṣirò ara rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ní ìṣẹ́jú tí Hàkímù wà nínú ilé rẹ̀ ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ohùn kan náà ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi kaṣú ní òdìkejì ìlú.

Kì í ṣe Hàkímù. Ìtura bá a, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Bí kì í bá ṣe Hàkímù, Tàófíìk ni. Ta ni yóò gba Hàkímù gbọ́ pé kò mọ ohun tí ìkejì rẹ̀ ń ṣe? Ta ni yóò sì gba tíṣà gbọ́, tó ti sọ pé òun kò mọ ohùn náà? Ó pa láàpútọ́ọ̀pù dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá di ọjọ́ kejì, tí wọ́n bá mú wọn, kò ní sí ohun tí òun máa sọ mọ́.

Lẹ́yìn àsùbáà Ọjọ́bọ̀, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sí yàrá, wọ́n ti fèrèsé. Wọn kò lè rí ohunkóhun, wọ́n kàn ń fetí gbọ́ ni. Ọmọ́tárá gbọ́ tí máṣíìnì Bàbá tutọ́, tó húkọ́, tó wá gbéra. Gbénró ló gùn ún, ó wọ agbádá Bàbá àti fìlà rẹ̀. Ìró rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá, ó ń kéré sí i, títí kò fi sí mọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ wà ní pálọ̀, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Àkùkọ kan kọ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohunkóhun. Ìyá Ràhmọ̀t di ọwọ́ Ọmọ́tárá mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ inú ẹran.

Ìbọn kan dún láti ọ̀nà Ìdèrè. Òmíràn tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ajá gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ó tó ìdajì wákàtí kí ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó sáré dé. Kò sí ẹni tó kú. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan, àjèjì ni, ọlọ́pàá ti fi okùn dè é. Ẹnì kejì sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n Gbénró rí ojú rẹ̀ kedere.

“Hàkímù ni o!” ọdẹ náà ń mí hẹlẹ. “Hàkímù tó ń tún fóònù ṣe! Àwọn èèyàn ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀!”

Ọmọ́tárá ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. “Bàbá, kì í ṣe òun,” ni ó sọ. “Mo purọ́ fún yín. Mo mọ ohùn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ, wọ́n á pa á.”

Bàbá Ràhmọ̀t wọ bàtà. Ọdẹ náà fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé àwọn méjèèjì, Bàbá láàárín, Ọmọ́tárá lẹ́yìn, láàpútọ́ọ̀pù láyà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọjà ni ariwo náà ń pọ̀ sí i.

Wọ́n ti fa Hàkímù jáde. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú rẹ̀. Ó ń sọ pé, “Inú ilé ni mo wà, ẹ bi ìyàwó mi, inú ilé ni mo wà.” Ọkùnrin kan ń yí táyà bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí Ọmọ́tárá rí táyà yẹn, ó fẹ́ padà. Ní tòótọ́, ó yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Bàbá Ràhmọ̀t ni kò yí padà. Àgbàlagbà náà rìn wọ àárín wọn, ó dúró níwájú Hàkímù.

“Èmi ni wọ́n fẹ́ jí gbé,” ni ó sọ. “Èmi ni mo ni ẹjọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Tíṣà fẹ́ sọ.”

Àwọn tó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣì ń pariwo. Ọmọ́tárá wọ ṣọ́ọ̀bù, ó so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tí Hàkímù máa ń fi gbé orin sáfẹ́fẹ́ fún àwọn oníbàárà. Okùn náà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ fóìsì nóòtù: bátìrì, ọmọ tó ń sunkún, omi tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn náà, ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ tinú igi. Ohùn kan náà gba gbogbo ojú ọ̀nà: Àgbàlagbà ni. Kò lè jà.

“Ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan?” ẹnì kan pariwo. “Òun náà ni!”

“Ìṣẹ́jú kan náà ni!” Ọmọ́tárá kígbe. Kò tíì kígbe báyìí rí níwájú àgbàlagbà. “Ìṣẹ́jú kan náà, ní Ìṣẹ́gun! Ẹ wá wo aago ẹ̀ níbí. Ẹnì kan ò lè wà ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó kó tún wà lẹ́yìn ilé mi. Ṣé ẹ ti gbàgbé ibi tí ẹ wà ni? Ìlú wo lẹ wà? Ṣé kì í ṣe ìlú ìbejì ni?”

Gbénró ti dé, agbádá Bàbá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo aago tó wà lójú fóònù, ó wo ti láàpútọ́ọ̀pù, ó fi ìka ka ìṣẹ́jú. Ó yí sí Hàkímù. “Fi apá òsì ẹ hàn mí.” Hàkímù gbé e sókè. “Ẹni tí mo rí lórí afárá, ìbọn ha apá òsì ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.” Kò sí nǹkan kan ní apá Hàkímù ju eruku lọ.

Ọkùnrin tó yí táyà wá fi í sílẹ̀, táyà náà yí díẹ̀, ó ṣubú.

Hàkímù kò dìde. Ẹ̀rọ náà ṣì ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó rántí pa á. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Tàófíìk,” ni ó sọ. “Tàófíìk, ìwọ?” Ó wá bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wọn kò rí Tàófíìk. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Hàkímù fá orí rẹ̀, ó dá irùngbọ̀n sí, kí ojú rẹ̀ lè yàtọ̀. Síbẹ̀, bó bá wọ inú ọjà, àwọn obìnrin máa ń pe ọmọ wọn mọ́ra. Ọmọ́tárá pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Abísọ́lá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n Ọmọ́tárá ní òun ò lè fi àwọn ọmọ kíláàsì òun sílẹ̀ láàárín táàmù.

Ní ọ̀sán Àìkú kan, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń ṣa ẹ̀wà, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni.

“Tíṣà, ẹ kú ìjókòó, mà.”

“Hàkímù, nọ́ńbà ta lo fi ń pè mí?”

Mọ́tò ńlá kan kọjá lẹ́yìn ẹni náà, níbikíbi tó wà. “Èmi kọ́ ni Hàkímù.”

Ẹ̀wà tú dà sílẹ̀. Ọmọ́tárá kò lè pa fóònù.

“Ẹ má bẹ̀rù, mà,” ni ohùn náà sọ. “Mi ò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Wọn ò gbé ìpè mi nílé. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún ìyá mi pé mo wà láàyè.” Fóònù sì já.

Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn. Ó jókòó sẹ́yìn wọn títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá dìde, ó lọ bá Hàkímù, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn ìbejì. Àpèkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n lu Hàkímù lọ́jà, kò tíì fi ojú kan Ọmọ́tárá. Ó gbọ́ iṣẹ́ náà láìmira.

“Ṣé ó ní òun ti jẹun?” ni ó béèrè.

Hàkímù ń wo ilẹ̀. Nọ́ńbà náà wà lójú fóònù lórí ẹsẹ̀ Ọmọ́tárá, Àpèkẹ́ sì rí i. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà.

“Ẹ mú un lọ fún àwọn ọlọ́pàá,” ni ó sọ níkẹyìn. “Ẹ bá mi mú un lọ kíákíá. Mo rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi táyà ṣe fún èyí tí kò ṣe nǹkan kan. Kí ọlọ́pàá rí i kí àwọn yẹn tó rí i.”

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n mú Tàófíìk ní ibùdókọ̀ kan nítòsí ẹnubodè. Ó sùn sórí àpò ni, apá òsì rẹ̀ ti wú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé àgọ́ ọlọ́pàá, Àpèkẹ́ se ìrẹsì, ó sì ní kí Tíṣà bá òun lọ, nítorí Hàkímù kò lè dúró níwájú ojú yẹn. Ọmọ́tárá kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ.

Tàófíìk wà lẹ́yìn irin. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí símẹ́ńtì, lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè. “Ẹ kú àárọ̀, Tíṣà.”

Ohùn náà kò ṣe ju kí ó kí i lọ, irin sì wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ohùn abẹ́ igi kaṣú ni Ọmọ́tárá ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ó gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ fún Àpèkẹ́, ó sì jáde lọ dúró nínú oòrùn níwájú àgọ́, títí ìyá náà fi ṣe tán.